Ṣé lóòótọ́ ni itọ́ ajá ń fọ egbò mọ́, tó sì ń pa kòkòrò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

IyaEwe_Takie
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà nílé wa. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣubú níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, orúnkún ẹ̀ bó gan-an, yanrìn wọ inú ẹ̀. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ra òògùn ní kẹ́mísítì, mo ń fi sí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi lọmọ máa ń wà. Àfi bí mo ṣe tètè dé lánàá tí mo bá ọmọ tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, Bingo ajá wa ń lá ojú egbò yẹn, màmá jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo lé ajá. Màmá ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó ti ń lá a látìjọ́ mẹ́ta, pé ṣé n ò rí i pé ojú egbò ti mọ́ ni, pé ọyún tó wà níbẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní òògùn ni ahọ́n ajá, pé ní abúlé táwọn dàgbà sí kò sí kẹ́mísítì, ajá ló ń wo egbò ọmọdé, pé ṣé mo ti rí ajá tó di báńdéèjì rí?

Ká sòótọ́, ojú egbò yẹn mọ́. Ó pọ́n, kò rùn. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn.

Òmíì tún ni pé lálẹ́, màmá máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ àti abọ́ sílẹ̀ fún Bingo kó lá a kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọ́n ní kì í jẹ́ kí fífọ̀ ẹ̀ nira, ìgbà míì omi lásán ni wọ́n fi ń ṣàn án. Bingo gba abẹ́rẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ajá, n ò rántí pé ó tún gba òmíì. A kì í so ó mọ́lẹ̀, ó ń rìn kiri àdúgbò.

Ṣé itọ́ ajá ń pa kòkòrò àbí kò pa á? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ bá màmá sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo fojú di wọ́n? Torí wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ara wọn lọ.

OmoOde_Ikoyi
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ìyá ọkọ yín ò parọ́ rárá. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ìkòyí-Ilé, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìmàdò bá fi eyín ya ajá wa nígbẹ́, tí ẹran ara ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń rán an, abẹ́ àká ló máa lọ dùbúlẹ̀ sí, á máa lá a láàárọ̀ lálẹ́, kò ní pẹ́ tí ojú ẹ̀ á fi pa dé tí irun á tún hù síbẹ̀. Bàbá mi, bí igi bá gún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí ajá. Wọ́n dàgbà wọ́n darúgbó, ẹsẹ̀ méjèèjì pé títí wọ́n fi lọ. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé gbogbo ohun táwọn baba wa ń ṣe ni kò dáa. Ẹ jẹ́ kí ajá lá a, ẹ kàn rí i pé eṣinṣin ò bà lé e.

NoosiAgba
Rárá o! Ìyá Ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ajá yẹn tún fẹnu kan egbò náà. Ẹ gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi báyìí báyìí, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, ẹ máa wo aago. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Biochem_UnderG
Mo kí ẹ̀yin àgbà méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní LAUTECH, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Nǹkan tó ń bá kòkòrò jà wà nínú itọ́ lóòótọ́. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní lysozyme, Alexander Fleming ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1922, ọdún mẹ́fà kó tó wá rí penicillin. Ó wà nínú omijé, nínú ikun imú, nínú itọ́ èèyàn àti ti ẹranko, ńṣe ló máa ń gé ògiri ara bakitéríà jẹ títí á fi bẹ́. Lactoferrin náà wà níbẹ̀, òun máa ń gba iron tí bakitéríà fẹ́ jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wò ó, téèyàn bá bu ahọ́n ara ẹ̀ jẹ, ó máa ń tètè jinná ju kéèyàn fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ lọ, itọ́ wà lára ohun tó fà á.

Ó tún kù. Nínú ẹṣẹ́ tó ń sun itọ́ lára èkúté ni Stanley Cohen ti rí àwọn nǹkan tó ń mú kí ara tuntun hù, òun àti Rita Levi-Montalcini jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 lórí iṣẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan dán itọ́ ajá wò ní Amẹ́ríkà ní 1990, wọ́n rí i pé ó pa irú bakitéríà kan. Nítorí náà màmá ò kàn ń sọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà nínú itọ́ yàtọ̀ sí kó pọ̀ débi tó máa wo egbò, n ò sọ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ajá máa lá ọmọ o.

OmoOde_Ikoyi
Ẹ ṣé o àbúrò mi. Ṣé ẹ rí i? Òyìnbó gan-an ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun táwọn baba wa mọ̀ láìka ìwé ni wọ́n ń gba ẹ̀bùn lé lórí.

Dokita_Eranko
Ẹ̀gbọ́n OmoOde, ẹ má bínú sí mi, ẹranko ni iṣẹ́ tèmi, ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kan ẹnu ajá. Àyẹ̀wò 1990 tí àbúrò sọ yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ parí. Hart àti Powell ló ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ìyá ajá fi máa ń lá ọmú ara ẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn tó bá bímọ, àti ìdí tí ajá fi máa ń lá egbò ara ẹ̀. Wọ́n rí i pé itọ́ yẹn ń pa E. coli àti Streptococcus canis, àwọn méjèèjì yìí sì wà lára ohun tó máa ń pa ọmọ ajá tuntun. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lórí staphylococcus àti Pseudomonas, agbára tó ní lórí wọn ò tó nǹkan. Staphylococcus yìí gan-an ló sábà máa ń wà nínú egbò èèyàn tó bá ń ṣọyún! Ọmọ ajá ni Ọlọ́run ṣe itọ́ yẹn fún, kì í ṣe orúnkún ọmọ èèyàn.

Kí ló wá dé tí ojú egbò fi mọ́? Ahọ́n ni. Ahọ́n ajá ń ha nǹkan, ó ń ká ọyún, ó ń ká ẹran tó ti kú, ó ń ká yanrìn. Ohun tí ojú rí ló kó lọ, òótọ́ màmá nìyẹn. Èyí tí ojú ò rí ńkọ́? Ibi tó ti ń ha ọyún náà ló ti ń ha awọ tuntun tó fẹ́ bo egbò, ìyẹn ló fi pọ́n, torí pé kò ráyè ní èépá. Ẹ má jẹ́ kí pípọ́n yẹn tàn yín o, Ìyá Ewé. Ajá míì á máa lá ojú kan lọ́wọ́ ara ẹ̀ títí á fi di egbò ńlá tí kò ní jinná. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń fi nǹkan roboto sí ajá lọ́rùn tá a bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó má lè fẹnu kan ibi tá a rán, torí á lá a títí okùn á fi já.

Ti ajá ọdẹ, mo gbà pé púpọ̀ nínú wọn ń yè. Àmọ́ àwọn tí egbò wọn jẹrà, tí wọ́n kú sínú igbó, ta ló ń sọ ìtàn wọn? Mo ti yọ ìdin lára ajá ọdẹ tó jẹ́ pé tọ̀sán tòru ló ń lá egbò náà.

Àwọn èèyàn tún máa ń sọ pé ẹnu ajá mọ́ ju tèèyàn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012 àwọn olùṣèwádìí ka irú bakitéríà 353 lẹ́nu ajá, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ẹnu èèyàn náà ní. Ìyẹn ni pé àjèjì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sí ara wa. Pasteurella wà níbẹ̀, ó máa ń mú kí egbò wú kó sì ta kíákíá, láàárín ọjọ́ kan péré nígbà míì. Capnocytophaga canimorsus náà wà níbẹ̀, kì í ṣe ajá ní nǹkan kan, kì í sì í sábà ṣe ẹni tí ara ẹ̀ le ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti yọ spleen ẹ̀ (ẹ̀yà inú tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò), ẹni tí ọtí ti bà lára jẹ́, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tó bá gbà ojú egbò wọlé sí wọn lára ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa wọ́n. Nílẹ̀ wa ńbí, ẹ rántí àwọn ọmọ SS. Àtikékeré ni spleen ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ní ọmọ SS nílé, kó má jẹ́ kí ajá tàbí ológbò lá egbò ọmọ náà láéláé.

Olobe_Jagun
Ha, SS. Ẹ ṣeun dókítà, ẹ̀gbọ́n mi ní méjì, mo ń fi èyí ránṣẹ́ sí wọn báyìí.

Tola_ajá_lover
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ń dẹ́rù ba obìnrin yìí jù. Láti kékeré ni ajá ti ń lá èmi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, lójú pàápàá, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣé kéèyàn wá máa sá fún ajá ara ẹ̀ ni?

NoosiAgba
Mo ti dé. Ẹni tó fẹ́ràn ajá, ohun tẹ́ ẹ sọ ò burú, ẹ kàn pa nǹkan méjì pọ̀ ni. Tí ajá bá lá ọwọ́ tí awọ ẹ̀ pé, tí kò bó, kò ní egbò, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó tán, kò sí abẹ́rẹ́ kankan nínú ìyẹn. Awọ ara ni géètì. Àmọ́ ojú egbò, inú ẹnu, inú ojú, inú imú, géètì ò sí níbẹ̀. Nítorí náà ẹ dẹ́kun à ń jẹ́ kó máa lá yín lójú.

Ohun tó ba èmi lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Ewé kì í ṣe bakitéríà nìkan, dìgbòlugi ni. Inú itọ́ ni fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi ń gbé. Àwọn èèyàn rò pé àfi tí ajá bá géni jẹ. Rárá o. Àjọ ìlera àgbáyé WHO pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: kí ajá lá awọ tó pé, ìyẹn ni àkọ́kọ́, kò sí ewu, kó rọra fi eyín họni tí ẹ̀jẹ̀ ò jáde, ìyẹn ni ìkejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ìkẹta tó le jù ni kó géni jẹ wọlé, ÀBÍ KÓ LÁ ARA TÓ TI BÓ, àbí kí itọ́ ẹ̀ ta séèyàn lẹ́nu tàbí lójú. Egbò ọmọ yìí wà nínú ìkẹta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń kó dìgbòlugi tó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lágbàáyé lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ sí jù, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ajá tí wọ́n fura sí gé jẹ sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ó lè wà lára fún oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó yọjú, ìgbà míì ó lè má tó bẹ́ẹ̀, ìgbà míì ó lè tó ọdún kan. Tó bá ti yọjú, tí ọmọ ti ń bẹ̀rù omi, kò sí òògùn tá a lè fún un mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó yọjú, abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ gún ọmọdékùnrin kan, Joseph Meister, tí ajá gé jẹ, la ti mọ̀ pé èèyàn lè bọ́ níbẹ̀ téèyàn bá tètè gbé ìgbésẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tí mo ní kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ yẹn náà, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, ọṣẹ máa ń fọ́ ọ̀rá tó bo fáírọ́ọ̀sì yẹn lára. Itọ́ ò ní ọṣẹ nínú.

Baba_Onimoto
Ata gígún àti epo pupa ni wọ́n máa ń fi sí i nílé tèmi, wọ́n á tún gé nínú irun ajá náà jó o mọ́ ọn. Ó máa ń ṣiṣẹ́.

NoosiAgba
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ sà. Ata á ta ọmọ, á tún bó egbò sí i, epo á sì bo ìdọ̀tí mọ́nú. Kò sí èyí tó ń pa fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọjọ́ téèyàn ń ná sórí ata, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni.

IyaEwe_Takie
Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ti fọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ní kí n fọ̀ ọ́. Àmọ́ Bingo ń jẹun dáadáa o, ara ẹ̀ yá, kò gbó gbọ́ingbọ́in, kò da itọ́ sílẹ̀. Ṣé mo ṣì nílò abẹ́rẹ́ náà? Mo gbọ́ pé ó wọ́n.

NoosiAgba
Ẹ lọ. Tí ajá bá yá, tẹ́ ẹ sì lè máa rí i lójoojúmọ́, ọjọ́ 10 la fi ń ṣọ́ ọ. Ìdí ni pé fáírọ́ọ̀sì lè ti wà nínú itọ́ ajá fún ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn pé ara ẹ̀ ò yá. Tí Bingo bá ṣì wà láàyè tí ara ẹ̀ le pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn ìgbà tó lá ọmọ gbẹ̀yìn, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, dókítà lè ní kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ dúró. Àmọ́ ẹ kì í dúró kí ọjọ́ 10 pé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ná, ẹ ó máa ṣọ́ ajá lọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ la ń pè ní ọjọ́ òdo, lẹ́yìn náà ọjọ́ 3, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14, ìwé tí wọ́n bá fún yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ bi wọ́n léèrè immunoglobulin, ìyẹn òògùn agbógunti dìgbòlugi tí wọ́n máa ń fi sí ojú egbò gan-an, àti abẹ́rẹ́ TT, ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání.

Dokita_Eranko
Mo fi kún un: ẹ so Bingo mọ́lẹ̀ láti òní, ẹ má lé e, ẹ má pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á tàbí kó gbé e lọ. Tí ajá bá dàwátì, ọ̀nà tá a fi lè mọ̀ ti bọ́ nìyẹn. Tí ìwà ẹ̀ bá yí padà, tó ń bu igi jẹ, tí ohùn ẹ̀ yàtọ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ tó ń da itọ́, ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ má sún mọ́ ọn.

Alfa_Sabo
Salaam alaykum. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò àti abọ́ tí wọ́n gbójú fò. Nínú ẹ̀sìn wa, hadith tó fìdí múlẹ̀ wà nínú Sahih Muslim pé bí ajá bá lá abọ́, ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje, ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú erùpẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ dà á nù. Nílé bàbá mi ní Sábó, abọ́ ajá yàtọ̀, ìta ló ń gbé. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí ajá fọ abọ́ fún òun, abọ́ yẹn ò tíì mọ́ rárá, kódà ó ti dọ̀tí ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Adura_n_sise
Alfa ẹ ṣeun. Ti ológbò ńkọ́? Ológbò mi máa ń lá ara ẹ̀ látòórọ̀ dalẹ́, ara ẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, kì í rùn. Tiẹ̀ ní láti pa kòkòrò o.

Alfa_Sabo
Ti ológbò yàtọ̀ nínú ẹ̀sìn, hadith Abu Qatadah sọ pé kì í ṣe nájísì (ohun àìmọ́), ó wà lára àwọn tó ń rìn kiri láàárín yín. Èèyàn lè fi omi tó mu ṣe àlùwàlá. Ìdájọ́ ẹ̀sìn nìyẹn o, kì í ṣe pé kó máa lá egbò.

Dokita_Eranko
Alfa pín in dáadáa. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́, bíi kóòmù ló ṣe ń ya irun, ó ń kó eruku àti irun tó ti kú, ìyẹn ló fi mọ́ lójú. Àmọ́ Pasteurella wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ológbò ju ajá lọ, lílá tó ń lá ara ẹ̀ kò pa á. Èyí tó ń mú kí imú àwọn kan máa yún wọn tí wọ́n bá sún mọ́ ológbò gan-an, inú itọ́ ẹ̀ ló wà, á lá a sára, á gbẹ, á máa fẹ́ kiri. Lapálapá náà, ológbò lè fún ọmọdé, bó ti wù kó lá ara ẹ̀ tó.

Diakoni_IsaleAfon
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan á mú Lúùkù 16 jáde, pé ajá lá egbò Lásárù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìjọ wa pé ẹ̀rí nìyẹn pé ajá ń wo egbò. Ẹ lọ tún un kà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní egbò náà jinná. Ńṣe ni wọ́n ń fi hàn bí wọ́n ṣe pa ọkùnrin yẹn tì tó, tó fi jẹ́ pé ajá nìkan ló ń sún mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà olówó. Ó sì kú.

Olobe_Jagun
Lórí ìkòkò: èmi ń se oúnjẹ tà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Itọ́ ajá máa ń yọ̀ lára abọ́, ẹ fọwọ́ kàn án ẹ ó rí i, omi tútù lásán ò lè ká a. Tó bá gbẹ mọ́ ọn ó tún burú, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ á há mọ́ abẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣàn án, ẹ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ ha á, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ sí oòrùn. Kànrìnkàn tẹ́ ẹ fi fọ abọ́ ajá, ẹ má fi fọ ti ọmọ. Abọ́ oníke tó ti ha, àárín ibi tó ti ha yẹn ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí, ẹ fún ajá ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, irin ló dáa. Tí màmá bá fẹ́ kí Bingo jẹ àjẹkù, ẹ dà á sínú abọ́ tiẹ̀. Ìyà ò jẹ ajá, ìkòkò ò sì kó itọ́.

Biochem_UnderG
Mo ní nǹkan kan tó jọ èyí. Àwọn tó ń tún àwòrán àti ère àtijọ́ ṣe máa ń fi itọ́ nu ìdọ̀tí ara ẹ̀, ní ilẹ̀ Potogí wọ́n ṣe ìwádìí ẹ̀ ní 1990, wọ́n rí i pé itọ́ nu ún mọ́ ju ọ̀pọ̀ kẹ́míkà lọ, amylase tó máa ń tú sítáàṣì oúnjẹ lẹ́nu ló ń ṣe é. Àmọ́ itọ́ èèyàn nìyẹn, ìdọ̀tí ló ń nù, kì í ṣe kòkòrò ló ń pa. Ní ti ajá, itọ́ ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní amylase pàápàá. Nítorí náà, bí Bingo bá ká ọbẹ̀ nínú ìkòkò, ahọ́n ẹ̀ àti ebi ló ṣiṣẹ́.

IyaAgba_Oja
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè o. Èmi náà ti di ìyá àgbà, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ewé, ìyàwó wa, fetí sílẹ̀. Ohun tí ìyá ọkọ rẹ ń ṣe, a ṣe é. Lásìkò tiwa tí ọmọ bá yàgbẹ́ sílẹ̀, ajá la máa ń pè, á jẹ ẹ́, á sì lá ìdí ọmọ mọ́, a ò ní wá omi mọ́, torí omi jìnnà, odò la ti ń pọn ọ́n. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀gbin. Àmọ́ ro ó wò, ahọ́n tó lá ìgbẹ́ láàárọ̀ ló tún fẹ́ wo egbò ní ọ̀sán. A ò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì kú lọ́wọ́ wa tá a ní àbíkú ni, tá a ní ayé ló ṣe é.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn o. Má sì rán ọkọ rẹ sí wọn, á dà bíi pé o lọ fẹjọ́ sùn. Kúnlẹ̀ lówùúrọ̀, kí o ní, màmá, ẹ ṣeun bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n bá wa wò ó. Kí wọ́n jókòó síbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí àjèjì bá sọ fún àgbàlagbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn á gbà á ju ti ìyàwó ilé lọ. Kí o wá fún wọn ní iṣẹ́: àwọn ni kó máa di egbò yẹn, kó máa yí aṣọ ẹ̀ padà. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ń wá nǹkan tó máa ṣe fún un ni.

OmoOde_Ikoyi
Ìyá àgbà, ẹ ṣeun. Ti pé kí ajá lá èèyàn, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ti dìgbòlugi yẹn kì í ṣe nǹkan eré, a mọ̀ ọ́n nílé ọdẹ, bí ajá bá ya dìgbòlugi ká ni, kò sẹ́ni tó ń dúró. Àmọ́ kí ajá lá egbò ara ẹ̀ ńkọ́? Lórí ìyẹn mi ò tíì yí ohùn padà o. Inú igbó la wà, dókítà ò sí níbẹ̀.

Dokita_Eranko
Ẹ̀gbọ́n, nígbẹ́ níbi tí kò sí nǹkan kan, kó lá a fún ìgbà díẹ̀ kó fi ká iyẹ̀pẹ̀ àti ewé kúrò, n ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé ilé, omi tẹ́ ẹ sè tó ti tutù pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án. Ẹ wá ike pẹ́ńtì, ẹ gé ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ fi aṣọ wé ibi tẹ́ ẹ gé kó má ha á lọ́rùn, ẹ fi bọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀. Á lè jẹun á lè mumi, kò ní lè dé ibi egbò. Eyín ìmàdò máa ń wọlé jìn, òkè á jinná kí inú máa jẹrà, ahọ́n ò lè dé ìsàlẹ̀ ihò yẹn, òògùn ló lè dé ibẹ̀. Ẹ sì máa gún àwọn ajá yẹn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, ọmọ ajá máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Gbogbo ajá ọdẹ ló ń bá ẹran igbó jà, àwọn ló yẹ kó gbà á ṣáájú ti ìgboro.

IyaEwe_Takie
A lọ o. Èmi àti màmá la jọ gbé ọmọ lọ, bí ìyá àgbà ṣe sọ ni mo ṣe sọ ọ́, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi wé gèlè. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi omi fọ egbò náà lójú wa, yanrìn ṣì jáde nínú ẹ̀, nínú egbò tá a ní ó ti mọ́ yẹn. Màmá rí i. Bingo wà lórí okùn, ara ẹ̀ yá, à ń ṣọ́ ọ.

NoosiAgba
Ọlọ́run ṣeun. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 3 kọjá o.

Agbe_Elewure
Dókítà, ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó lọ. Ewúrẹ́ mi ló bí lánàá, mo rí i tó ń lá ọmọ ẹ̀ látorí délẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tá a ti kà níbí, ẹ̀rù bà mí, ṣé kí n máa fi aṣọ nù ún dípò kí n jẹ́ kó lá a?

Dokita_Eranko
Ẹ jẹ́ kó lá a! Ẹ fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀. Lílá yẹn ló ń gbẹ omi ara ọmọ kí òtútù má mú un, ó ń mú kó mí dáadáa, ibẹ̀ sì ni ìyá ti ń mọ òórùn ọmọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá nù ún mọ́ kí ìyá tó mọ̀ ọ́n ó lè kọ̀ ọ́, kó máa kan án. Tí ìyá ò bá lá a rárá, tàbí tí nǹkan bo ọmọ nímú, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu imú àti ẹnu ẹ̀. Ìdodo nìkan ni kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀ fún itọ́: ẹ ra iodine, ẹ rì í sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ibẹ̀ ni kòkòrò máa ń gbà wọ inú ọmọ ewúrẹ́. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó mu wàrà àkọ́kọ́ kó tó pé wákàtí mẹ́fà.